Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ọjà Rírà àti Ìnáwó Ìjọba láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé

Ìwé ìpolówó iṣẹ́ ìjọba jáde ní Àbújá. Àwọn kọngílá Kútọnu àti Lómé fẹ́ bá wọn dù ú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ di èdè Faransé. Ògbufọ̀ tó gbọ́ èdè méjèèjì yékéyéké lè jókòó tì í, kí gbólóhùn rẹ̀ já gaara láti òkè délẹ̀, síbẹ̀ kí ìwé náà ti ẹni tó kà á sí kòtò. Ìdí ni pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ inú irú ìwé báyìí. Ẹnì kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń buwọ́ lùwé, ẹlòmíràn wà tó ń sanwó, ọjọ́ kan sì wà tí ilẹ̀kùn ń tì. Ọ̀nà tí Nàìjíríà gbà pín àwọn iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti jogún rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Faransé ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti jogún tiwọn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Ìwé tó ń ti Nàìjíríà lọ sí Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún Kánádà tàbí fún Báńkì Àgbáyé yóò rí ibi tí ọ̀nà ti yà.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Òfin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ìwé atúmọ̀ èdè. Lápá Gẹ̀ẹ́sì, Public Procurement Act ti ọdún 2007 ni òfin Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣàlàyé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá pàdé. Lápá Faransé, UEMOA, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan ọrọ̀ ajé àti owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gbé ìlànà méjì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, nọ́ńbà 04/2005 àti 05/2005. Orí wọn ni òfin ọjà rírà àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó CFA ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dúró lé. Fún owó ìjọba, ẹ wá ìlànà 06/2009 tó sọ̀rọ̀ lórí “lois de finances” (òfin bọ́jẹ́ẹ̀tì) àti 07/2009 tó sọ̀rọ̀ lórí “comptabilité publique” (ìṣirò owó ìjọba). Bẹ̀nẹ̀ ní òfin tirẹ̀, loi n° 2020-26 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020.

Ẹ fi ìwé àwòṣe kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní “dossier type d'appel d'offres”. Àjọ tó ń mójú tó ọjà rírà ìjọba ló ń bójú tó o: ARMP ní Bẹ̀nẹ̀, ARCOP ní Tógò. Ìwé àwòṣe yìí ló wúlò jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí kọngílá ń rí lójoojúmọ́ ló wà níbẹ̀.

1. Ẹ mọ ẹni tó máa kà á

Èdè Faransé ọ́fíìsì Ottawa, ti Paris àti ti Kútọnu kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ mú “procurement”, ìyẹn ọjà rírà ìjọba. Ní Kánádà, “approvisionnement” ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o gan-an ni Services publics et Approvisionnement Canada. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù Kẹrin ọdún 2019 tí Code de la commande publique ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, “commande publique” ló gbòde. Ní Bẹ̀nẹ̀, “passation des marchés publics” ni. Bí ẹ bá kọ “approvisionnement” sí ọmọ Kútọnu, yóò rò pé ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù kún sítọ́ọ̀ lẹ ń sọ.

Èyí tó léwu jù ni “devis”. Ní Kánádà, “plans et devis” ni “plans and specifications”, ìyẹn àwòrán ilé àti àpèjúwe bí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní ilẹ̀ Faransé, ìwé iye owó ni “devis”. Ẹni tó bá mú “devis” láti àpótí ọ̀rọ̀ Kánádà gbé e sí ipò “specifications” nínú ìwé tó ń lọ sí Lómé, owó ló ń ní kí kọngílá kọ síbi tó yẹ kó ti kọ irú sìmẹ́ǹtì tó máa lò. “Spécifications techniques” ni kí ẹ kọ.

Àpótí ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: TERMIUM Plus ti ìjọba Kánádà, IATE ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àti UNTERM ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n dára púpọ̀ fún wíwá ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ wá a nínú òfin orílẹ̀-èdè tí ìwé ń lọ kí ẹ tó gbà á wọlé. Kánádà ń pe “standing offer” ní “offre à commandes”. Ẹ wá a nínú òfin Bẹ̀nẹ̀, ẹ kò ní rí i. “Accord-cadre” lẹ máa rí, tí í ṣe “framework agreement”, òun náà ló sì sún mọ́ ọn jù.

Ẹ béèrè ẹni tó ń sanwó pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ owó Báńkì Àgbáyé ni wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ti báńkì náà ló máa borí ti orílẹ̀-èdè. Ìwé wọn wà ní èdè méjèèjì, nítorí náà ẹ má ṣe tún èyí tí wọ́n ti túmọ̀ túmọ̀. Ẹ gbé e bó ṣe wà. “Instructions to Bidders” ni “Instructions aux soumissionnaires” lọ́dọ̀ wọn, nígbà tí ìwé àwòṣe ìjọba UEMOA sábà máa ń kọ “Instructions aux candidats”. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má ṣe lo méjèèjì nínú ìwé kan.

2. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ jáde kí ẹ tó túmọ̀ gbólóhùn kankan

Ẹ ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀kan láìkọ ohunkóhun ní Faransé. Bí ẹ ṣe ń kà á, ẹ máa yọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sínú àtẹ olópòó márùn-ún: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ojú ewé tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀; ọ̀rọ̀ Faransé; ibi tí ẹ ti rí ọ̀rọ̀ Faransé náà, kí ẹ kọ nọ́ńbà àyọkà òfin; ohun tó yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Òpó kẹrin ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ máa ń fò. Òun gan-an ló ń gbà yín lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní “ta ló ní kí ẹ kọ báyìí?”

Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì bá ń du ọ̀rọ̀ Faransé kan, ẹ fa ìlà pupa sí i. “Engagement” jẹ́ àpẹẹrẹ: òun ni “commitment” nínú ìnáwó, òun tún ni “undertaking”, ìyẹn ìlérí tí èèyàn buwọ́ lù. “Acte d'engagement” sì ni fọ́ọ̀mù tí olùdíje fi ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́. Nǹkan mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan.

3. Orúkọ mẹ́rin tí kọngílá ń jẹ́

Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ẹni tó ń du iṣẹ́ ní “bidder” láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó wá di “contractor” tàbí “supplier”. Faransé ìjọba UEMOA kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpele tí onítọ̀hún dé ló ń fún un lórúkọ. Ẹni tó fìfẹ́ hàn sí iṣẹ́ náà tàbí tí wọ́n pè wá du iṣẹ́ ni “candidat”. Tó bá ti fi ìwé owó rẹ̀ sílẹ̀, ó di “soumissionnaire”. Tí wọ́n bá yan tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn aláṣẹ kò tíì fọwọ́ sí kọńtíráàtì, “attributaire” ni. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ló tó di “titulaire”.

Ohun tó wé mọ́ ọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. “Attributaire” kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé “the successful bidder shall furnish the performance security”, “attributaire” lẹ máa kọ, torí ìgbà tó ń mú “performance security” wá, ìyẹn ìdúró pé iṣẹ́ á di ṣíṣe bó ṣe yẹ, kò tíì di “titulaire”. Bí ẹ bá kọ “titulaire”, kọngílá lè lọ ra òkúta àti irin sílẹ̀ lórí ìwé tí aláṣẹ kò tíì fọwọ́ sí. Nítorí náà, níbi gbogbo tí “bidder” bá ti jáde, ẹ dúró, ẹ bi ara yín pé: ní ọjọ́ tí gbólóhùn yìí ń sọ, ibo ni ọkùnrin yìí dé?

“Award” náà wà níbẹ̀. “Attribution” ni. Àwọn kan máa ń sáré kọ “prix” bí ẹni pé àmì ẹ̀yẹ ni, bẹ́ẹ̀ “prix” náà ni iye owó ní Faransé. Gbólóhùn náà á wá dàrú pátápátá. “Responsive bid” kì í ṣe “offre réactive”. “Offre conforme” ni, ìyẹn ìwé tó bá ohun tí wọ́n béèrè mu. “Substantially responsive” sì ni “conforme pour l'essentiel”.

Àwọn ìyókù kò le. “Goods” ni “fournitures”, “works” ni “travaux”, “consulting services” ni “prestations intellectuelles” ní UEMOA. “Open competitive bidding” ni “appel d'offres ouvert”, “restricted” ni “restreint”, “direct procurement” ni “gré à gré” tàbí “entente directe”. Ẹ yan èyí tí òfin orílẹ̀-èdè náà ń lò. “Request for quotations” ni “demande de cotation”. Ṣùgbọ́n Bẹ̀nẹ̀ tún ní “demande de renseignements et de prix”, tó jẹ́ ìlànà mìíràn fún iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ga ju ti cotation lọ, ẹ má da méjèèjì pọ̀. “Bid opening” ni “ouverture des plis”. “Bill of quantities”, ìyẹn ìwé tó to iye iṣẹ́ àti ohun èlò, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú “facture”, tí í ṣe ìwé owó tí wọ́n fi ń béèrè owó. “Devis quantitatif et estimatif” ni, bó bá sì jẹ́ ìwé iye owó ẹyọ kọ̀ọ̀kan, “bordereau des prix unitaires”.

4. Owó ìdúró àti ẹni tó dúró

Ibi tí owó ti ń sọnù gan-an nìyí. “Bid security”, ìdúró tí olùdíje ń mú wá pẹ̀lú ìwé owó rẹ̀, ni “garantie de soumission”. Òfin Nàìjíríà ní kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 nínú 100 iye tí olùdíje kọ. “Performance security” ni “garantie de bonne exécution”. Owó tí wọ́n ń san ṣáájú, tí àwọn kọngílá wa ń pè ní mobilization, ni “avance de démarrage”; ìwé báńkì tó dúró lé e ni “garantie de restitution d'avance”.

Ẹ ṣọ́ra fún “caution”. Ní Gẹ̀ẹ́sì ìkìlọ̀ ni. Ní Faransé onídùúró ni. Àwọn èèyàn Kútọnu ń sọ “caution de soumission” lẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó máa ṣi í gbọ́ lójú ọjà. Nínú ìwé báńkì, ọ̀rọ̀ ń yí padà. Òfin OHADA (àjọ tó ń mú òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣọ̀kan) lórí ìdúró, èyí tí wọ́n tún ṣe ní Lómé ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ya “cautionnement” sọ́tọ̀ sí “garantie autonome”. Ẹni tó ṣe “cautionnement” lè bá olówó jiyàn, kó ní kọngílá kò jẹ gbèsè. Báńkì tó kọ “garantie autonome” máa san án nígbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lọ́nà tí ìwé là sílẹ̀, àríyànjiyàn á wá tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí Gẹ̀ẹ́sì bá kọ “unconditional” tàbí “on first demand”, “garantie autonome, payable à première demande” lẹ máa kọ. Tí ẹ bá kọ “caution” síbẹ̀, báńkì lè gbé irú ìwé tí Àbújá kò ní gbà jáde, wọ́n á sì lé kọngílá sẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìdẹkùn kejì wà nínú “joint venture”, ìyẹn ilé iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ tó pawọ́ pọ̀ du iṣẹ́. Faransé ń pè é ní “groupement”, oríṣi méjì ló sì ní. Nínú “groupement solidaire”, bí ọ̀kan bá já iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn yòókù ló máa parí rẹ̀. Nínú “groupement conjoint”, kálukú ló ń dáhùn fún apá tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ “jointly and severally liable”. Ojú rí “jointly”, ọwọ́ kọ “conjoint”, ìtumọ̀ sì dorí kodò. “Groupement solidaire” ni. Bí iṣẹ́ bá já, tí wọ́n dé kóòtù, ọ̀rọ̀ yìí ló máa pinnu ẹni tó máa sanwó.

“Liquidated damages”, ìyẹn owó ìtanràn tí wọ́n ti kọ iye rẹ̀ sínú kọńtíráàtì ṣáájú, kì í ṣe “dommages liquidés”. Nínú iṣẹ́ ìjọba, bó bá jẹ́ pé ìdádúró ló fà á, “pénalités de retard” ni. Owó tí wọ́n ń dá dúró lára owó iṣẹ́ títí iṣẹ́ yóò fi dúró dáadáa, “retention money”, ni “retenue de garantie”. “Withholding tax” sì ni “retenue à la source”. Ẹ má ṣe kọ “retenue” nìkan láéláé, torí ọ̀kan máa padà sọ́wọ́ kọngílá bí iṣẹ́ bá pé, ìkejì ti lọ sápò ìjọba.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, Faransé ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì: “réception provisoire”, lẹ́yìn rẹ̀ “délai de garantie”, tí í ṣe “defects liability period”, àsìkò tí kọngílá ṣì ń dáhùn fún àbùkù iṣẹ́, kó tó wá kan “réception définitive”. Ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù níbẹ̀ ni “procès-verbal de réception”. Ẹ má ṣe túmọ̀ “completion certificate” sí “certificat d'achèvement” kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń sọ nínú ìgbà méjèèjì.

5. Ìnáwó: ta ló pàṣẹ, ta ló sanwó?

Ètò Faransé kọ̀ kí ẹni tó ń pàṣẹ ìnáwó tún jẹ́ ẹni tó ń san án. Ẹni tó ń pàṣẹ ni “ordonnateur”, ẹni tó ń sanwó ni “comptable public”, òfin ò sì gbà kí ẹnì kan ṣoṣo di ipò méjèèjì mú. Ẹ wá wo “Accounting Officer” nínú òfin Nàìjíríà. Akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ ìjọba ni, tàbí ọ̀gá pátápátá ní àwọn àjọ ìjọba. Òun ló ń bójú tó ọjà rírà. Ọ̀rọ̀ “accounting” lè tàn yín jẹ, kí ẹ kọ “agent comptable”, bẹ́ẹ̀ apá kejì odò lẹ gbé e sí yẹn. “Ordonnateur” ló sún mọ́ ọn jù. Nígbà àkọ́kọ́ tó bá jáde, ẹ kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní lẹ́tà títẹ̀ (italics) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí òǹkàwé mọ ẹni náà gan-an.

Ọ̀nà tí owó ń gbà jáde ní ìpele mẹ́rin. “Engagement”: ìjọba fọwọ́ sí ohun tó máa sọ ọ́ di ajigbèsè. “Liquidation”: wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé iṣẹ́ ti di ṣíṣe lóòótọ́, wọ́n sì fìdí iye owó múlẹ̀. “Ordonnancement”: ordonnateur pàṣẹ kí wọ́n sanwó. “Paiement”: comptable san án. Kò sí ilé iṣẹ́ tó wó nínú “liquidation” yìí o, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń lò ó. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ní “verification of claims before payment”, “liquidation” náà ló ń wá. “Payment voucher” Nàìjíríà sì sún mọ́ “mandat de paiement” ju “bon” lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá:

“Appropriation” ní Gẹ̀ẹ́sì ni owó tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí. Ní Faransé, kí èèyàn sọ nǹkan di tirẹ̀ ni, nígbà mìíràn lọ́nà àìtọ́. “Crédits budgétaires” ni kí ẹ kọ.

“Fiscal policy” ni “politique budgétaire”. “Politique fiscale” dá lórí owó orí nìkan. Bákan náà, “fiscal year” ni “exercice budgétaire”. Ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, ti ìjọba àpapọ̀ Kánádà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọdún méjì pọ̀ níbẹ̀, bíi “exercice 2024-2025”.

“Virement” nínú ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ni gbígbé owó láti ibì kan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ sí ibòmíràn. Ní Faransé, “virement” lásán ni kí a fi owó ránṣẹ́ láti báńkì dé báńkì. Ẹ fi “de crédits” kún un.

“Actual expenditure” ni “dépenses effectives”. “Actuelles” ni ti ìsinsìnyí.

“Finance Act” ló ń mú àwọn ògbóǹkangí pàápàá. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, “loi de finances” ni òfin bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún. Ní Nàìjíríà, “Appropriation Act” ni òfin bọ́jẹ́ẹ̀tì. “Finance Act” ń yí òfin owó orí padà. Finance Act ti 2019 ló gbé VAT (owó orí ọjà) láti ìdá 5 sí ìdá 7.5 nínú 100, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2020. Nítorí náà “Appropriation Act” ni ẹ máa túmọ̀ sí “loi de finances”, kí ẹ sì pe “Finance Act” ní “loi portant dispositions fiscales”, pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dà bíi pé ẹ yí wọn po, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe yẹ.

6. Iye owó, ọjọ́ àti aago

Ẹ má ṣe túmọ̀ nọ́ńbà lórí ìwé náà bí ẹ ṣe ń lọ. Ẹ fi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un ní ìparí, nọ́ńbà nìkan, láìwo ọ̀rọ̀.

“Billion” ni “milliard”. Faransé náà ní “billion”, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti Gẹ̀ẹ́sì. “Trillion” Gẹ̀ẹ́sì ni “mille milliards”. “Trillion” Faransé fi ìlọ́po mílíọ̀nù jù ú lọ. Bọ́jẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ọdún 2024 tí wọ́n kọ́kọ́ buwọ́ lù lé ní tírílíọ̀nù 28 náírà: “plus de 28 000 milliards de nairas” ni, kì í ṣe “28 trillions”. Ìkékúrú “bn” àti “m” pẹ̀lú, ẹ kọ wọ́n ní kíkún.

Kọ́mà ń di àlàfo, àmì ìdúró sì ń di kọ́mà: 1,500,000.50 di 1 500 000,50. Ẹ lo àlàfo tí kì í já, kí nọ́ńbà má baà gé sí ìlà méjì. Owó CFA kì í ní ìdá lẹ́yìn kọ́mà nínú irú ìwé yìí. Níbi tí VAT wà, “hors taxes” ni iye tí kò ní owó orí nínú, “toutes taxes comprises” ni èyí tó ní. Ìdá 18 nínú 100 ni TVA (orúkọ VAT ní Faransé) Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, nítorí náà kọngílá tí kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì máa fi tirẹ̀ ṣírò.

Ẹ kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà, torí 05/06 lè jẹ́ May tàbí June. Aago ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: Àbújá àti Kútọnu ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Lómé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn. Ìwé tó ń tì ní aago 12 ọ̀sán ní Àbújá, aago 11 ló jẹ́ ní Lómé. “12 h 00, heure d'Abuja (TU+1)” ni kí ẹ kọ.

“Working days” náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Lójú òfin Faransé, “jours ouvrables” lè ka Sátidé mọ́ ọn, “jours ouvrés” ni ọjọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi “du lundi au vendredi, hors jours fériés” tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan, bó bá jẹ́ pé ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní lọ́kàn nìyẹn.

7. Orúkọ tí kì í yí padà

Àwọn àjọ Nàìjíríà ń jẹ́ orúkọ wọn: Bureau of Public Procurement, Corporate Affairs Commission (CAC), PenCom (owó ìfẹ̀yìntì), NSITF (adójútòfò òṣìṣẹ́), ITF (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́). Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ní gbólóhùn kékeré kan. Nọ́ńbà RC ti CAC, tí wọ́n fi ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe RCCM ti OHADA, bẹ́ẹ̀ ni TIN, nọ́ńbà owó orí Nàìjíríà, kì í ṣe IFU Bẹ̀nẹ̀ tàbí NIF Tógò. Bí ìwé bá béèrè RC, tí olùdíje sì ti ìlú òkèèrè wá, ẹ bi oníbàárà léèrè ohun tí wọ́n máa gbà dípò rẹ̀. Kì í ṣe ògbufọ̀ ló máa pinnu. “Tax clearance certificate” ni “attestation fiscale” tàbí “quitus fiscal”. “Certificate of no objection” ni “certificat de non-objection”. ECOWAS kì í ṣe àjọ Nàìjíríà nìkan, ó sì ní orúkọ Faransé tirẹ̀ tí òfin mọ̀: CEDEAO.

Incoterms bíi CIP àti DDP, ìyẹn àmì tó ń sọ ẹni tó máa san owó ẹrù àti kọ́sítọ́ọ̀mù láàárín olùtà àti olùrà, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ kàn rántí pé ní Kánádà, àwọn kan ń gé “demande de propositions”, tí í ṣe “request for proposals”, sí DDP. Kí ìwé kan ní DDP méjì nínú kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ẹni tó ń san owó kọ́sítọ́ọ̀mù.

8. “Shall” àti ẹbí rẹ̀

“Shall” ni àṣẹ. Faransé òfin ń lo ọ̀rọ̀ ìṣe ti ìsinsìnyí fún un: “le soumissionnaire présente son offre”. “Doit” náà tọ̀nà. “Devrait” kò tọ̀nà rárá, torí ìmọ̀ràn ló jẹ́, olùdíje tí wọ́n bá lé sẹ́yìn lè fi jiyàn. “Should” ni ìmọ̀ràn: “il est recommandé de”. “May” ni “peut”, “may not” ni “ne peut”. Ẹ ka iye “shall” inú ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì kan, kí ẹ wá àṣẹ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu ní ojú ewé Faransé. Bí kò bá pé, ẹ ti fo ọ̀kan.

9. Àyẹ̀wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́

Ẹ fi kọ̀ǹpútà wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú iṣẹ́ yín: billion, trillion, caution, conjoint, fiscal, actuel, appropriation, liquidés, titulaire, retenue, devrait. Ẹ dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí. Lẹ́yìn náà ẹ fi fọ́ọ̀mù ìdúró báńkì nìkan han ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Kútọnu tàbí Lómé, kó sọ bóyá báńkì wọn lè gbé e jáde bó ṣe wà. Ojú ewé méjì péré ni, ṣùgbọ́n òun ló ń lé èèyàn sẹ́yìn jù.

Ẹ wo gbólóhùn tó sọ èdè tó máa borí bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀. “The English version shall prevail” ni “la version anglaise fait foi”. Kò dá yín láre o: ọjọ́ ti kọjá kí kọngílá tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun mìíràn.

Ẹ so àtẹ ọ̀rọ̀ yín mọ́ iṣẹ́ náà nígbà tí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́. “Addendum”, ìwé àfikún tí Faransé ń pè ní “additif”, sábà máa ń tẹ̀lé ìwé ìpolówó, nígbà mìíràn nígbà tí ọjọ́ ti sún mọ́lé, ó sì lè bọ́ sọ́wọ́ ògbufọ̀ mìíràn. Bí onítọ̀hún kò bá ní àtẹ náà lọ́wọ́, “garantie autonome” tí ẹ kọ á di “caution” ní ojú ewé kẹta additif, báńkì á sì béèrè èwo ni kí òun tẹ̀lé nínú méjèèjì.